Òpè Ra Wonyosi

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú wa, ẹ̀ka Àpápá àti Ajégúnlẹ̀)

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bẹ̀ wá pé kí a wá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ òní, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlọsíwájú ìlú bí a ti máa ń ṣe lọ́dọọdún: ọ̀nà, omi, ilé ìwòsàn àti gbọ̀ngàn ìlú. A kò ka nǹkan wọ̀nyí sí kékeré. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà mìíràn wọ ọjà. Eré orí ìtàgé kan tí a ṣe ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1977 ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹlòmíràn lè máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nínú eré àwọn ará yunifásítì. Ó kàn wá gidigidi, nítorí pé orúkọ aṣọ ni wọ́n fi sọ eré náà, ọ̀rọ̀ aṣọ sì wà nínú ètò ìpàdé wa ní ọ̀sán yìí. Kí a tó dìbò lé e lórí, a bẹ̀ yín kí ẹ fún wa ní etí díẹ̀.

Gbogbo odò ni ó ní orísun. Orísun eré yìí jìnnà sí Ifẹ̀ púpọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1728 ni John Gay, akéwì ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé eré kan jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí ó pè ní The Beggar's Opera, èyíinì ni eré olórin ti alágbe. Ní àkókò náà, eré olórin tí a kó wá láti ilẹ̀ Ítálì ni àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù ń gbé gẹ̀gẹ̀. Èdè Ítálì ni a fi ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wò ó ni kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n wọn a wọ aṣọ iyebíye, wọn a sì lọ jókòó, kí a má baà sọ pé wọn kò sí níbẹ̀. Gay fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ó mú orin tí tẹrú tọmọ mọ̀ ní ìgboro, ó fi ọ̀rọ̀ tuntun sí i. Orin 69 ni ó wà nínú eré náà. Dípò ọba àti akọni, olè, alágbe, aṣẹ́wó àti ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó kó jáde sí ojú agbo.

Ọ̀gá kan wà nínú eré náà tí ń jẹ́ Peachum. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn olè, kí ó sì máa tà á. Bí olè kan kò bá mú èrè wọlé mọ́, Peachum a fà á lé ìjọba lọ́wọ́, a sì gba owó tí ìjọba ṣèlérí fún ẹni tí ó bá mú olè. Kì í ṣe àlá ni Gay lá. Ọkùnrin kan ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Jonathan Wild, tí gbogbo ìlú ń yìn gẹ́gẹ́ bí amólè, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni olórí àwọn olè. Ní ọdún 1725 ni wọ́n yẹgi fún un. Nínú eré náà, Polly ọmọ Peachum fẹ́ Macheath, ọ̀gá adigunjalè, ní ìkọ̀kọ̀. Inú bí baba ọmọ. Kì í ṣe pé ó kórìíra olè. Olè ni òun náà. Ó ń ṣírò iye tí yóò wọlé bí wọ́n bá so àna rẹ̀ kọ́ ni.

Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín náà ti ń lọ ni wọ́n ń rí i pé Robert Walpole, olórí ìjọba wọn, àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ni a ń bá wí. 62 alẹ́ ni a fi ṣe eré náà ní àkókò kan ṣoṣo yẹn. Nígbà tí Gay kọ apá kejì rẹ̀, ìjọba fi òfin dè é; kò dé orí ìtàgé títí di ọdún 1777, nígbà tí ó ti ju ọdún 44 lọ tí Gay ti kú. Ẹ kíyè sí i: àwọn aláṣẹ kò bẹ̀rù ìwàásù tó bí wọ́n ti bẹ̀rù orin tí ó pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn igba ọdún géérégé, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1928, eré náà tún jí dìde ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Elisabeth Hauptmann ni ó túmọ̀ ti Gay sí èdè Jámánì, Bertolt Brecht tún un kọ, Kurt Weill sì ṣe orin rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ti fi ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Jámánì sílẹ̀ ní ojú pópó, ọ̀kan láìlápá, òmíràn láìlẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń ṣagbe. Brecht wá sọ Peachum di oníṣọ́ọ̀bù tí ń fi àkísà àti ọgbẹ́ irọ́ yá àwọn alágbe, tí ó sì ń gba ìdá nínú ohun tí wọ́n bá rí. Àánú ọmọ aráyé wá di ọjà tí a ń tà ní wẹ́wẹ́. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní ọdún 1933, wọ́n fi òfin de eré yìí pẹ̀lú.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ti rí kí ó tó kan ilé wa. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àkókò tí a ń wí yìí. Ilé ẹ̀kọ́ náà ni a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Ó mú ti Gay, ó mú ti Brecht, ó pò wọ́n pọ̀, ó sì fi iyọ̀ ilé wa sí i. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Opera Wonyosi. Léèsì olówó gọbọi kan tí ó gbòde nígbà náà ni à ń pè ní wonyosi. Òyìnbó tí ó bá ka orúkọ náà yóò rò pé eré olórin nìkan ni a wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin Yorùbá, ẹ fi etí ara yín pè é wò. Ẹni tí ó bá pè é kíákíá yóò gbọ́ pé: òpè ra wonyosi. Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó ṣí ìwé.

Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó wà ní Ifẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé eré náà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1981, ni a kà, a sì ti ka á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìtàn náà kò ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Àárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé ní Bangui, olú-ìlú Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ni a fi í sí, ní ìgbà tí ọba kan tí ń jẹ́ Boky ń múra àtidé adé. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1977 gan-an ni Bokassa, ṣọ́jà tí ó fi ipá gba ìjọba, fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé adé ní Bangui, tí ó ní òun di ọba àwọn ọba bíi Napoleon ti ilẹ̀ Faransé. A ṣírò owó ìnáwó ọjọ́ náà sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là, ní ilẹ̀ tí ebi ti ń pa àwọn ọmọ. Oṣù kan náà ni eré Ifẹ̀ jáde. Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n lé Bokassa kúrò lórí oyè.

Nínú eré ti Ifẹ̀, Peachum ti di Olóyè Aníkúrà. Àwọn àgbà wa mọ orúkọ náà mọ́ olè láti ìgbà pípẹ́. Aníkúrà ni ó ń pín àkísà àti ọgbẹ́ fún àwọn alágbe. Macheath kò yí orúkọ padà, kò sì yí ìwà padà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ológun wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá wà níbẹ̀, Bamgbapo ni orúkọ rẹ̀. Kò sí Yorùbá kan tí a ní láti túmọ̀ èyí fún: bá mi gbé àpò. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ gbẹ́ èèkù tiwọn. Inú yunifásítì ni wọ́n dúró sí, níwájú àwọn ọ̀gá yunifásítì, tí wọ́n fi ọ̀mọ̀wé alágbe ṣe ẹlẹ́yà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi lè sọ pé wọ́n ń fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ìjọba.

Ní òpin eré náà, a fẹ́ yìnbọn pa Macheath ní gbangba. Àwọn òǹwòran ti pé jọ bí ẹni tí ó wá sí ìnáwó. Lójijì ni ìròyìn dé pé ọba ti dárí ji àwọn ọ̀daràn nítorí ọjọ́ ìdádé rẹ̀. Olè bọ́. Àwa òǹkàwé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, a bi ara wa pé, ta ni ó tún kù tí a kò dárí jì?

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé báyìí, sí Àpápá tí ó wà ní ìdí ilẹ̀kùn wa. Bí Ṣóyínká kò tilẹ̀ fi ìtàn rẹ̀ sí Èkó, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ta àwọn ènìyàn lára, kí ó wá wo èbúté wa. Owó epo rọ̀bì ti dé nígbà náà. Ìjọba Nàìjíríà pe sìmẹ́ńtì láti òkè òkun, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Mílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ètò ààbò. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni apá èbúté Èkó lè ká ní ọdún kan. Kí ọdún 1975 tó parí, ọkọ̀ ojú omi tí ó ju 400 lọ ti tò sí ojú òkun wa, wọn kò ríbi gúnlẹ̀, sìmẹ́ńtì sì ń dì gbagidi nínú ikùn àwọn mìíràn. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ fi dúró ni Nàìjíríà ń san owó ìdúró fún un. Àwọn ọkọ̀ ògbólógbòó kan wà tí ó jẹ́ pé èrè ìdúró ni wọ́n bá wá, kì í ṣe èrè ẹrù. Nítorí ìdí yìí ni a fi sáré kọ́ èbúté Tin Can Island, tí a sì ṣí i ní ọdún 1977, ọdún kan náà tí gbogbo adúláwọ̀ ayé pé jọ sí Èkó fún FESTAC, ọdún kan náà tí eré Ifẹ̀ jáde.

Àwọn ọdún wọ̀nyí kan náà ni léèsì ń wọlé wá. Ní Lustenau, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Austria, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń jẹun nínú léèsì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe fún àwa ará Nàìjíríà. A kò bá wọn jà. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àwa ni a ń rà á.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní ọdún 1971, ní etí òkun Bar Beach, wọ́n ń yìnbọn pa adigunjalè níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àwọn ìyá a gbé ọmọ pọ̀n lọ wò ó. A kò sọ pé adigunjalè kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wò ó: ẹni tí ó jí mọ́tò kan dúró níwájú ìbọn, ẹnikẹ́ni kò sì dúró níwájú ìbọn lórí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì. Ohun tí Gay sọ ní 1728 nìyí, tí Brecht sọ ní 1928, tí Ifẹ̀ tún sọ ní 1977. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi rín.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ohun òyìnbó ni irú eré báyìí. Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti mọ ọ̀nà yìí. Ẹ bi àwọn ará Kétu àti Ẹ̀gbádò léèrè nípa Ẹ̀fẹ̀, tí ń jáde ní òru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán, tí ń fi orin tú àṣírí ẹni tí ó hùwà ibi nínú ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú sí i. Ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn léèrè nípa ọjọ́ Òkèbàdàn, tí olówó àti olóyè yóò fi ara mọ́ ilé, nítorí pé kò sí orin tí a kò lè fi bú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn mú eré apanilẹ́rìn-ín tí Molière ará Faransé kọ ní ọdún 1671, wọ́n sọ ìránṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú rẹ̀ di Súbérù ọmọ ilé wa, wọ́n sì gbé e kiri àwọn ìlú. Hubert Ògúndé náà, tí ó kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá kí ó lè máa ṣe eré, ẹ rántí pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin dè é ní ọdún 1964 nítorí Yorùbá Ronú. Ohun tí ojú Gay rí ní Lọ́ńdọ̀nù ni ojú Ògúndé rí ní Ìbàdàn.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ yìí yóò sọ pé irú eré báyìí ń kọ́ ọmọ ní àfojúdi, pé kò dára kí ọmọdé máa wo orí ìtàgé kí ó máa fi olóyè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, a kò sì fẹ́ fi ojú kékeré wò ó. Ẹ̀rín lè ba ilé jẹ́ bí ó bá jẹ́ pé ọmọnìkejì nìkan ni a ń fi rín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti ń rí ohun tí a ń ṣe, bí a ṣe eré, bí a kò ṣe eré. Ọmọ tí ó dákẹ́ níwájú wa kò sọ pé òun kò ríran. Ó sàn kí ó sọ ọ́ lórin níwájú gbogbo ènìyàn, kí àgbà lè dáhùn, ju kí ó gbé e mì, kí ó sì di ìwà sí i lára.

Ní àyíká Èkó yìí, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n fi ń pe Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ní igbó ni, ilé àwọn ọmọ-ọ̀ta. Ọmọ wa tí ó bá wá iṣẹ́ lọ sí ìhà kejì Èkó a máa fi àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ pamọ́. Ajégúnlẹ̀ kan náà ni Samson Síásíà àti Emmanuel Amúnékè ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà ni Daddy Showkey ti gbé orin tirẹ̀ jáde, láàárín Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo, Ìgbò àti Haúsá tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan, tí wọ́n jọ ń fa omi láti inú kànga kan. Ẹ wo orúkọ ibẹ̀ dáadáa: ajé gúnlẹ̀. Ọkọ̀ ni ó ń gúnlẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn èbúté àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá ní àwọn ọdún 1920 ni ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ nítòsí wa. Baba wa ru ẹrù wọn, àwa náà rù ú. Ajé tí ó gúnlẹ̀ ní Àpápá kò kọjá Boundary wá sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n orúkọ olè kọjá wá, ó sì jókòó.

Ó yẹ kí a bínú sí èyí. Ṣùgbọ́n ìbínú ẹni tí ó ti wẹ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ èèkù tiwa pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ ìlú tí ó kọjá, àwa ìgbìmọ̀ ni a yan léèsì. A ní ẹni tí kò bá rà á kò ní jókòó lábẹ́ àgọ́ ẹgbẹ́. Ó dára lójú, kò sí irọ́ níbẹ̀. Nígbà tí a jáde, ìgboro dúró wò wá. Ìyá kan wà láàárín wa, a kì yóò dárúkọ rẹ̀, opó ni. Owó kan ṣoṣo ni ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ní oṣù náà, owó ìdánwò àṣejáde ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni. Ó rò ó pé bí òun kò bá wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọn yóò sọ pé ọkọ òun kú pẹ̀lú ọlá òun. Ó rò ó pé òun yóò tètè rí owó mìíràn. Ó ra léèsì. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kọjá. Ọmọ náà, tí ó máa ń ṣe ipò kìn-ín-ní tàbí ìkejì ní kíláàsì rẹ̀, ń bá tírélà rìn ní ojú ọ̀nà Àpápá báyìí, ó ń gbé igi sí ìdí táyà. Ìyá rẹ̀ kò bú wa. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bú. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni akọ̀wé wa gbọ́, ẹnu ọmọ náà ni ó sì ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ta ni òpè tí ó ra wonyosi? Kì í ṣe ìyá náà. Àwa tí a fi aṣọ ṣe ìwé ìwọlé sí àárín ọmọ ìyá wa ni. Aníkúrà a máa fi aṣọ ya àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́tọ̀, kí owó lè wọlé fún un. Àwa náà fi aṣọ ya àwọn ènìyàn wa sọ́tọ̀, kò sì sí èrè kan tí ó wọlé fún wa.

A kò sọ pé kí Yorùbá má wọṣọ mọ́. Àfínjú ni baba wa, aṣọ sì ni èdìdì ènìyàn. A sì mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan níhìn-ín ń ta léèsì, òun ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Kí Ọlọ́run bù sí ọjà wọn. Ẹni tí ó bá ní owó kí ó rà á lọ́wọ́ wọn, kí ó wọ̀ ọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ohun tí a lòdì sí ni pé kí ẹgbẹ́ fi ipá gbé e ka ẹni tí kò ní lórí.

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́ta wá síwájú yín. Èkíní ni pé ní ọjọ́ ìlú tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù wọ aṣọ tí ó ti ní nínú àpótí, kí fìlà tàbí gèlè aláwọ̀ kan jẹ́ àmì ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dúró sí ẹ̀yìn àgọ́. Èkejì ni pé kí iye tí a bá ti fẹ́ ná lórí léèsì wọ inú àpò kan ṣoṣo fún owó ìdánwò àwọn ọmọ wa, kí orúkọ ọmọ tí a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kí ó lè padà jókòó ìdánwò rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe eré kan ní ọjọ́ náà, eré olórin, tí wọn yóò fi orin àdúgbò wa kọ, ní Yorùbá àti ní èdè yòówù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ajégúnlẹ̀ bá gbọ́. Wọn kò nílò gbọ̀ngàn ńlá. Ilé ẹ̀kọ́ kan, àga díẹ̀ àti ìlù méjì ti tó. Kí wọ́n fi olóyè inú rẹ̀ wọ léèsì, kí wọ́n sì fi àwa ìgbìmọ̀ ṣe ẹlẹ́yà kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn ṣe. Àwa yóò jókòó ní iwájú, a ó sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan lè sọ pé àwọn ẹgbẹ́ ìlú mìíràn yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a kò lè ra aṣọ mọ́. Kí wọ́n máa ṣe é. Igba ọdún ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni olè tí ó wọ aṣọ dáadáa ti ń kọjá lórí ìtàgé láti 1728 wá títí di ọdún 2014, ó sì tún ń kọjá títí di òní, tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ọ́n ní olè àfi nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Bí àwọn ọmọ wa bá kọ́ láti mọ̀ ọ́n ní Ajégúnlẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé aṣọ kọ́ ni a fi ń mọ olè, aṣọ kọ́ ni a sì fi ń mọ ọmọlúàbí, wọn kò ní í fi àdírẹ́ẹ̀sì wọn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ajé yóò gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tí a bá kọ́ ni yóò bá wa sọ ọ́ kalẹ̀.

 Alága wa, ìdìbò kù sí yín lọ́wọ́.